Ta ló ń sọ iye RAM tó wà fún Linux? (coreboot lórí X230)

#1 · AkínLáptọ́ọ̀pù · Ọjọ́ Ẹtì, 9:42 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi.

Mo ra ThinkPad X230 àlòkù kan ní Ìkẹjà lóṣù tó kọjá. Lọ́sẹ̀ yìí ni mo tú u, mo fi klíìpù há ṣíìpù méjèèjì tí BIOS wà (èyí tó jẹ́ 8MB àti èyí tó jẹ́ 4MB), mo kọ coreboot sí wọn, ìyẹn firmware (ètò tó ń jí ẹ̀rọ) tó ń gba ipò BIOS. SeaBIOS ni payload tí mo yàn, ìyẹn ètò tí coreboot máa ń gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Nígbà tí mo máa tẹ bọ́tìnnì, àyà mi ń já pì pì pì. Àfi bí Debian ṣe dìde bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ayọ̀ yẹn ò tíì tán lára mi tí ìbéèrè fi dé. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé BIOS ló máa ń sọ fún Linux ohun tó wà nínú ẹ̀rọ. BIOS tó bá ẹ̀rọ yìí wá ni mo ti pa rẹ́ yìí. Síbẹ̀, Linux mọ iye RAM, ó mọ orúkọ ẹ̀rọ, ó tún mọ̀ pé bátìrì ku ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Ta ló sọ fún un?

Ìkejì: 8GB ni RAM tí mo fi sínú rẹ̀. 7.5Gi ni `free -h` ń kà fún mi. Ṣé coreboot ló jẹ ìyókù ni?

Ìkẹta: wọ́n ní kí n fi `cbmem -c` wo ohun tí coreboot kọ sílẹ̀ nígbà tó ń jí ẹ̀rọ. Mo fi sudo sí i, ó ní "Operation not permitted". Sudo náà ò tó mọ́?

#2 · Ìdí_Igi404 · Ọjọ́ Ẹtì, 9:58 alẹ́

Àbúrò, o kú oríire. Ẹni tó fi klíìpù há ṣíìpù tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì tàn lẹ́yìn ẹ̀, ó yẹ kó pa adìyẹ.

e820 ni ìdáhùn rẹ. `sudo dmesg | grep -i e820`. Mo ń lọ sùn ní tèmi.

#3 · ÌyáKernel · Ọjọ́ Ẹtì, 11:20 alẹ́

Ìdí_Igi, o ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, o ò sọ ilẹ̀kùn tó ń ṣí. Akin, jókòó kí n sọ ọ́ fún ọ láti ìsàlẹ̀.

coreboot àti Linux ò fojú kan ara wọn rí. Nígbà tí Linux bá fi máa jí, coreboot ti ṣe tiẹ̀, ó ti bọ́ sínú payload, kò sì ní padà wá. Nítorí náà, gbogbo ohun tó bá mọ̀ nípa ẹ̀rọ, ó ní láti kọ ọ́ sínú RAM kó tó lọ, síbi tí ẹni tó ń bọ̀ á ti rí i. Àrokò ni. Ẹni tó di í ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tú u. Ẹni tó gbà á ló gbọ́dọ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn òun fà sí i. Bí kò bá mọ̀, owó ẹyọ lásán ló rí.

Báwo ni coreboot fúnra rẹ̀ ṣe mọ iye RAM? Ó bi RAM léèrè. Ṣíìpù kékeré kan wà lára igi RAM kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní SPD, ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe RAM kọ ìwọ̀n àti eré rẹ̀ sí. Ní romstage, ìpele kan nínú iṣẹ́ coreboot, kó tó sí RAM kankan tó ṣeé lò, coreboot á ka SPD yẹn, á tọ́ RAM sọ́nà títí á fi dúró dáadáa. Ìgbà yẹn ló tó kan ìpele ramstage, tó máa to àwọn ohun èlò PCI, tó sì máa kọ àwọn àtẹ. Apá òkè RAM, lábẹ́ ìlà 4GB, ló ń kó wọn sí. CBMEM ni wọ́n ń pe ibẹ̀.

Èyí tó jẹ́ ti coreboot gan-an nínú wọn ni coreboot table. Tí o bá fi hexdump wò ó, ohun tí o máa kọ́kọ́ rí nìyí:

`4c 42 49 4f 18 00 00 00`

Báìtì mẹ́rin àkọ́kọ́ ni lẹ́tà L, B, I, O. 18 tó tẹ̀ lé e, 24 ni lọ́nà tí àwa ń gbà kà: orí àtẹ náà gùn ní báìtì 24. (LBIO wá láti ara LinuxBIOS. Orúkọ tí iṣẹ́ yìí ń jẹ́ nìyẹn nígbà tí Ron Minnich bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Los Alamos ní 1999. Ní 2008 ni wọ́n yí i padà sí coreboot. Orúkọ yí, lẹ́tà mẹ́rin yẹn ò yí.)

Lẹ́yìn orí ni àwọn àkọsílẹ̀ tò tẹ̀ lé ara wọn. Báìtì mẹ́rin fún irú tí ó jẹ́, báìtì mẹ́rin fún gígùn rẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Irú 1 ni RAM, irú 3 ni orúkọ bọ́ọ̀dù, 0x12 ni ti ojú ẹ̀rọ, ìyẹn framebuffer. 0x11 ni mo fẹ́ràn jù: ohun kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀ ni àdírẹ́sì. coreboot máa ń fi àtẹ kúkurú kan sí ìsàlẹ̀ RAM, níbi tí payload ò ní ṣàìdé, 0x11 tó wà nínú rẹ̀ á sì sọ pé "mi ò sí níbí, ẹ wá mi lọ sókè." Tí ẹni tó ń kà á bá sì pàdé irú tí kò mọ̀, gígùn wà níbẹ̀, á kàn fò ó kọjá. Ìdí nìyẹn tí payload àtijọ́ fi lè ka àtẹ coreboot tuntun tí kò ní dojú rú.

Nínú irú 1, agbègbè RAM kọ̀ọ̀kan gba báìtì 20: mẹ́jọ fún ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, mẹ́jọ fún ìwọ̀n, mẹ́rin fún ipò rẹ̀. Ipò 1 ni RAM tí ẹnikẹ́ni lè lò. 2, ẹ má fọwọ́ kàn án. 3 àti 4 jẹ́ ti ACPI, àwọn àtẹ míì tí coreboot ń kọ. 16 ni ibi tí coreboot kó àwọn àtẹ tirẹ̀ sí.

Linux ò ka irú 1 yìí o. SeaBIOS ló kà á. SeaBIOS á tú u sí èdè tí PC ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́, ìyẹn e820 tí Ìdí_Igi dárúkọ, àkọsílẹ̀ àwọn agbègbè RAM: wọ́n á pe int 0x15 (ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pe BIOS) pẹ̀lú 0xE820 nínú register EAX (àpótí kékeré inú CPU), wọ́n á fi "SMAP" sínú EDX bí àmì ìdánimọ̀, SeaBIOS á máa kà á fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí EBX á fi di òfo. 16 tí mo sọ yẹn, "reserved" ló máa ń dà lọ́wọ́ SeaBIOS. GRUB, ètò tó ń gbé Linux dìde, ló sábà máa ń béèrè, á wá tò ó sínú boot_params fún kernel (ọkàn Linux gan-an), èyí tí kò gbà ju agbègbè 128 lọ.

Fi ohun tí dmesg rẹ sọ ránṣẹ́. Èmi ò gbà pé coreboot ló jẹ RAM rẹ.

#4 · AkínLáptọ́ọ̀pù · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:15 àárọ̀

Ẹ ṣeun mà, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó rèé, mo gé àárín rẹ̀ kúrò:

`BIOS-e820: [mem 0x0000000000000000-0x000000000009fbff] usable`
`BIOS-e820: [mem 0x000000000009fc00-0x000000000009ffff] reserved`
`BIOS-e820: [mem 0x00000000000f0000-0x00000000000fffff] reserved`
`Memory: 7863900K/8112000K available`

Èyí tó kù tí kò yé mi: e820 yìí, RAM nìkan ló ń sọ. Bátìrì ńkọ́?

#5 · BàbáSọ́dà · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:03 àárọ̀

Ìyá ti parí ti RAM. Ẹ jẹ́ kí n gba ti bátìrì, torí òun ló ń gbé oúnjẹ wá sílé mi níbí n'Íbàdàn.

ACPI ló ń sọ ti bátìrì, ti bọ́tìnnì, ti fáànù, ti oorun tí ẹ̀rọ máa ń sùn. 1996 ni Intel, Microsoft àti Toshiba gbé e jáde. Kernel ò mọ ibi tí àwọn àtẹ ACPI wà, wíwá ló máa ń wá wọn. Lórí ẹ̀rọ tó ń lo BIOS lọ́nà àtijọ́, á bẹ̀rẹ̀ láti 0xE0000, á máa lọ dé 0xFFFFF, á máa yọjú wò ní báìtì 16 sí báìtì 16, bí ẹni ń ka nọ́ńbà ilé ládùúgbò, títí á fi rí lẹ́tà wọ̀nyí:

`RSD PTR `

Àlàfo kan wà ní ìparí rẹ̀ o, òun ló jẹ́ kó pé mẹ́jọ. coreboot ló kọ gbogbo àtẹ ACPI fúnra rẹ̀. Ní ti RSDP, ìyẹn àtẹ tó ní lẹ́tà yẹn, SeaBIOS kàn ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi tí kernel ti máa ń wá a ni. Láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti nawọ́ sí ara wọn: RSDP nawọ́ sí XSDT, XSDT nawọ́ sí FADT, MADT (tó ń ka àwọn CPU) àti àwọn yòókù, FADT nawọ́ sí DSDT.

Inú DSDT ni bátìrì wà. Èdè ASL ni àwọn tó ṣe coreboot fún X230 fi kọ ọ́, ètò iasl sọ ọ́ di AML, kernel ló ń tú AML yẹn sí iṣẹ́. Tí o bá wo bátìrì, kernel á pe `_BST`, AML á lọ bi ṣíìpù EC tó ń ṣọ́ bátìrì lórí bọ́ọ̀dù, EC á dáhùn. EC yẹn ṣì ń lo kóòdù tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́, coreboot ò fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, Akin, kì í ṣe gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lo parẹ́.

Nǹkan kan tí mo fi ìyà kọ́. Gbogbo báìtì inú àtẹ ACPI kan, tí a bá rò ó pọ̀, báìtì tó kẹ́yìn èsì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo; báìtì kan tó ń jẹ́ checksum ló ń mú un rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún kan mo fi acpidump yọ DSDT láptọ́ọ̀pù mi, mo yí lẹ́tà kan ṣoṣo padà pẹ̀lú hex editor, mo kó o sínú initrd (àpò fáìlì tí kernel kọ́kọ́ ń ṣí) kí kernel lè lo tèmi. Kernel kọ̀ jálẹ̀, ó ní checksum ò pé. Odindi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni mo fi ń wá ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀bá sì tutù sórí tábìlì. Lẹ́tà tí mo fi ẹyọ mẹ́ta sí lórí, ibi checksum ló yẹ kí n ti yọ mẹ́ta kúrò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti orúkọ ẹ̀rọ kò le: àtẹ míì tó ń jẹ́ SMBIOS ni. `_SM_` ni àmì tirẹ̀, dmidecode ló ń kà á. Wo `/sys/class/dmi/id/bios_vendor`, wàá rí i pé "coreboot" ló wà níbẹ̀ báyìí. Bọ́ọ̀dù tí ẹni tó kọ́ coreboot rẹ̀ kò bá yàn nọ́ńbà fún, tí kò sì síbi tó ti lè kà á, 123456789 ni dmidecode máa ń pè ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀. Mo ti rí oníbàárà tó rò pé ẹ̀rọ olè ni wọ́n tà fún òun torí ìyẹn.

#6 · Ọ̀tẹ̀_ACPI · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:31 àárọ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ forí jì mí, mi ò fara mọ́ àkàwé àrokò yìí.

Àrokò, nǹkan tí kì í mí ni. Ẹ sọ pé coreboot kọ̀wé sílẹ̀, ó lọ. BàbáSọ́dà wá sọ lẹ́nu ara rẹ̀ pé AML ni kernel ń tú sí iṣẹ́. Kóòdù ni AML! Ẹni tó fi kóòdù sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ nínú ilé onílé kò tíì lọ. SMM tún wà, ipò ìkọ̀kọ̀ kan tí CPU máa ń wọ̀: firmware dá apá kan RAM sọ́tọ̀ tí wọ́n ń pè ní TSEG, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kernel ò lè yọjú wo ibẹ̀. Tí SMI (ìpè sí SMM) bá dé, CPU á fi kernel sílẹ̀, á wọ ibẹ̀ lọ ṣiṣẹ́, á padà wá, kernel ò ní mọ̀ pé òun sùn. Àrokò wo nìyẹn?

Device tree ló mọ́. Àkọsílẹ̀ lásán. Ó sọ ohun tó wà àti ibi tó wà, ó dákẹ́. Ó ti wà látìgbà Open Firmware, tó di IEEE 1275 ní 1994.

#7 · Ìdí_Igi404 · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:40 àárọ̀

Mo ti jí. Kí ẹ tó jà, ṣé ẹ mọ̀ pé AML lè bi kernel pé "ṣé Linux ni ẹ́?" pẹ̀lú `_OSI("Linux")`, tí Linux á dáhùn pé rárá o? Tí ó bá wá béèrè pé ṣé Windows ni, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Torí Windows nìkan ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi dán AML wọn wò. Ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ ẹlòmíì kó lè rí oúnjẹ jẹ.

#8 · ÌyáKernel · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:12 àárọ̀

Ọ̀tẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ lórí SMM wọlé, mo gbà. Mo yẹ kí n ti sọ ọ́. Lórí X230 yìí, 8MB ni TSEG, coreboot ló sì kọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé o lè ṣí kóòdù náà kí o kà á.

Ti AML, ìdajì ni mo gbà. Kóòdù ni, ṣùgbọ́n kernel ló ń tú u, ní àkókò tó wù ú, lójú ara rẹ̀. Kò jọ SMM.

Ti device tree, mo ní ẹjọ́ díẹ̀ bá ọ rò. BeagleBone Black kan (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń lo ARM) wà lórí tábìlì mi níbí. U-Boot ló ń jí i. U-Boot á gbé fáìlì device tree láti inú káàdì, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `d0 0d fe ed`, á sì tún apá kan rẹ̀ kọ: á fi iye RAM tó rí fúnra rẹ̀ sí abẹ́ /memory, á fi bootargs (àṣẹ tí kernel máa kà) sí abẹ́ /chosen. Á wá fi àdírẹ́sì rẹ̀ sínú register r2, á sì fò wọ kernel. Kò sí wíwá kiri, kò sí kíka nọ́ńbà ilé. Lórí ARM64, x0 ni. Lórí RISC-V, a1 ni, a0 á gbé nọ́ńbà hart, ìyẹn CPU, dání. Ó dùn mọ́ mi lọ́kàn, mi ò purọ́.

Ṣùgbọ́n ibo ni fáìlì device tree yẹn ti wá? Inú kóòdù kernel ni wọ́n ti kọ ọ́! Kì í ṣe bọ́ọ̀dù ló sọ fún Linux pé "èmi rèé". Àwa tí a ń kọ Linux la sọ fún Linux, U-Boot kàn bá wa jíṣẹ́ ni. Tí bọ́ọ̀dù tuntun bá jáde lọ́la, kernel ti àná ò ní mọ̀ ọ́n àfi tí ẹnì kan bá kọ fáìlì tirẹ̀. PC tí wọ́n ṣe lọ́la lè gbé kernel àná dìde, torí ACPI rẹ̀ wà nínú ara rẹ̀.

Àwọn Chromebook tó ń lo ARM64 tiẹ̀ da méjèèjì pọ̀. coreboot ló ń jí wọn, depthcharge ni payload. Depthcharge á yan device tree tó bá bọ́ọ̀dù mu láàárín àwọn tó bá kernel wá, á sì kan ẹ̀ka coreboot kan mọ́ abẹ́ /firmware, tó ń tọ́ka sí coreboot table. Àtẹ LBIO tí mo ń sọ lánàá, ó tún dé ọwọ́ Linux, láti ojú ọ̀nà míì.

#9 · Ọ̀tẹ̀_ACPI · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:30 àárọ̀

Mo gbọ́ mà. Mi ò tíì yí padà, ṣùgbọ́n mo gbọ́.

#10 · Ìbejì_Peckham · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:05 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán láti London níbí. edk2 ni payload tèmi, kì í ṣe SeaBIOS, mi ò sì rí int 0x15 kankan lọ́dọ̀ mi. Síbẹ̀ dmesg mi ṣì ń kọ "BIOS-e820". Ṣé irọ́ ló ń pa ni?

#11 · ÌyáKernel · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:18 ọ̀sán

Ìnagijẹ ló ń lò. edk2 ka coreboot table bíi ti SeaBIOS, ṣùgbọ́n èdè UEFI, tó gba ipò BIOS àtijọ́, ló tú u sí: kernel á pe GetMemoryMap, á rí ACPI àti SMBIOS nínú configuration table pẹ̀lú GUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀) wọn, láìwá wọn kiri rárá. Apá kernel tó ń ṣe EFI stub á wá tún memory map yẹn kọ bí e820, torí ìyókù kernel x86 ti mọ́ e820 lára. Èyí ni Ọ̀tẹ̀ máa fẹ́ràn: lẹ́yìn ExitBootServices, ìgbà tí kernel gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ UEFI, runtime services UEFI ṣì kù nínú ilé. Ẹ má jẹ́ ká tún bẹ̀rẹ̀.

#12 · BàbáSọ́dà · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:40 ọ̀sán

Akin, a ti gbàgbé ìbéèrè rẹ kẹta. Kì í ṣe sudo ló kéré. `/dev/mem`, fáìlì tó ń fi RAM hàn, ni cbmem ń gbà ka CBMEM, àwọn kernel òde òní kì í sì í jẹ́ kí root pàápàá gba ibẹ̀ fọwọ́ kan agbègbè tí dráífà kan ti gbà. Fi `iomem=relaxed` kún ìlà kernel nínú GRUB, tún ẹ̀rọ tàn. Tí o bá ti rí ohun tí o ń wá, yọ ọ́ kúrò. Má fi síbẹ̀ títí láé, ilẹ̀kùn tó o ṣí fún ara rẹ, o ṣí i fún ẹlòmíì náà ni.

Ọ̀nà míì wà tí kò la `/dev/mem` kọjá. coreboot máa ń kọ ohun èlò kan tó ń jẹ́ BOOT0000 sínú ACPI, tó ń sọ ibi tí coreboot table wà. Dráífà coreboot_table inú Linux (wá a ní drivers/firmware/google) mọ orúkọ yẹn. Tí kernel rẹ bá ní memconsole-coreboot, `/sys/firmware/log` ni kí o kà, ohun kan náà ni pẹ̀lú `cbmem -c`.

Tí o bá ti wọlé, ṣe `sudo nvramtool -a` fún mi, ó ń ka àwọn ohun tí a yàn fún coreboot sínú CMOS (ibi ìpamọ́ kékeré lórí bọ́ọ̀dù). Mo ń fura sí ohun kan nípa RAM rẹ.

#13 · AkínLáptọ́ọ̀pù · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:26 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, ó ṣiṣẹ́! `cbmem -c` tú ọ̀rọ̀ jáde bí òjò. Mo rí ibi tó ti ń ka SPD, mo rí ibi tó ti kọ ACPI, coreboot kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti ń fò wọ payload, ó sì dákẹ́. Kò sọ nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tí Ìyá ń sọ lánàá ni mo fojú ara mi rí yẹn.

nvramtool náà sọ̀rọ̀. Ìlà tí mo rò pé ẹ̀ ń wá nìyí:

`gfx_uma_size = 224M`

#14 · BàbáSọ́dà · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:31 ọ̀sán

Haà. Ta ló ní kí o fi 224M síbẹ̀?

#15 · AkínLáptọ́ọ̀pù · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:35 ọ̀sán

Ẹ má bínú. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fún mi ní fáìlì cmos.default tirẹ̀, ó ní géèmù á yá sí i. Mi ò kà á.

#16 · ÌyáKernel · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:10 ọ̀sán

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí gbogbo nọ́ńbà ló ti wà lójú òpó yìí báyìí.

8GB jẹ́ 8388608K. Ìlà Memory tí Akin fi ránṣẹ́ ní 8112000K lẹ́yìn ìlà dídábùú. Ìyẹn ni RAM tí firmware sọ fún kernel pé ó lè lò. Ohun tó sọnù kó tó dé ọ̀dọ̀ kernel jẹ́ nǹkan bíi 270MB. 224MB nínú rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwòrán tí ọ̀rẹ́ Akin yàn fún un. TSEG gba 8MB. Ìyókù, Intel ME (kọ̀ǹpútà kékeré inú ṣíìpù Intel) ló mú púpọ̀ nínú rẹ̀, CBMEM àti àwọn àtẹ ACPI pín èyí tó kù.

Ṣùgbọ́n 7863900K ni `free` ń kà. Bíi 242MB tún wọlẹ̀ láàárín nọ́ńbà méjèèjì, coreboot ò sì mọ̀ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kernel fúnra rẹ̀ ni. Fún ojú-ewé RAM kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ 4096 báìtì, kernel ń tọ́jú ìwé báìtì 64 tó ń sọ ẹni tó ń lò ó. 64 nínú 4096 jẹ́ ọ̀kan nínú 64. Pín 8GB sí 64, ó jẹ́ 128MB. Ìwé ìṣirò nìkan nìyẹn o! swiotlb, àyè tí kernel fi pamọ́ fún àwọn ohun èlò tí kò lè dé gbogbo RAM, gba 64MB lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, kóòdù kernel àti àwọn nǹkan rẹ̀ gba ìyókù.

Ohun kan wà nínú nvramtool tí n kò fẹ́ kó fò yín. Báwo ló ṣe mọ̀ pé bíìtì kan báyìí nínú CMOS ń jẹ́ gfx_uma_size? CMOS ò ní orúkọ, bíìtì lásán ló wà níbẹ̀. Inú coreboot table ló ti kà á: àkọsílẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń sọ pé bíìtì báyìí sí báyìí, orúkọ rẹ̀ rèé, ohun tó lè jẹ́ rèé. Nítorí náà nvramtool kan náà ń ṣiṣẹ́ lórí bọ́ọ̀dù tí ẹni tó kọ ọ́ ò rí rí.

Akin, `sudo nvramtool -w gfx_uma_size=32M`, kí o tún un tàn.

#17 · AkínLáptọ́ọ̀pù · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:29 ọ̀sán

7.7Gi!

#18 · Ìdí_Igi404 · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:33 ọ̀sán

Géèmù ńkọ́?

#19 · AkínLáptọ́ọ̀pù · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:34 ọ̀sán

Bó ṣe ń falẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń falẹ̀.

#20 · Ìbejì_Peckham · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:02 ọ̀sán

Àbúrò mi wà n'Ikeja, òun náà ra X230 àlòkù. Akin, klíìpù yẹn, ṣé o lè yá a lò fún ọjọ́ méjì?

#21 · AkínLáptọ́ọ̀pù · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:10 ọ̀sán

Kó wá gbà á. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ ka ohun tó wà nínú ṣíìpù méjèèjì, kó fi pamọ́ sí ibi méjì, kó tó kọ nǹkan kan sí wọn. Kó sì yọ bátìrì. Èmi ò yọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́, ọpẹ́lọpẹ́ orí ni.